Fóòmù Mẹ́ta Lábẹ́ Ara Tí Kò Mọ Ìrora

Bàtà mi kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, n kò sì mọ̀. Mo ti ń kọ ìṣirò sójú pátákó nígbà tí tísà ẹlẹgbẹ́ mi gbé e wọlé, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkàn mi ti gba họ́lídè. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo wá fẹsẹ̀ tẹ sìmẹ́ńtì wò: kò tutù, kò gbóná. Ẹ̀rù bà mí.

Kí oṣù náà tó parí, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di ẹrù. Làmídì, ọkọ mi, gbé mi láti Ọ̀yọ́ lọ sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di àsìkò ìrun Alásàárì. Dókítà ní ikọ́ ife ni. Mo ní n kì í húkọ́. Ó ṣàlàyé pé àìsàn náà máa ń wọ inú egungun nígbà míì. Ó ti jẹ egungun ẹ̀yìn mi, egungun náà sì ti wó tẹ okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Oògùn á pa àìsàn náà, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ẹsẹ̀. Ó ní egbò ìdùbúlẹ̀ ni ká ṣọ́ra fún. Ibi tí egungun ìdí bá ti tẹ ẹran mọ́ ibùsùn pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ kì í débẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á kú. Ẹni tí kò mọ ìrora lára kò ní mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Egbò yẹn ló ń pa irú wa.

Làmídì lọ bá ọkùnrin kan tó ń gé fóòmù tà ní àdúgbò Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ká tò ó ní ìpele mẹ́ta: líle nísàlẹ̀ kí ibùsùn má rì, èyí tó le díẹ̀ láàárín, rọ́bà rírọ̀ lókè. Ó ta méjì àkọ́kọ́ fún wa ní títun. Ṣùgbọ́n rọ́bà gidi ti di ọ̀wọ́n látìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé.

Ó ní, "Ẹ tú tìmùtìmù àga àtijọ́ wò, ẹ ó bá a níbẹ̀."

Àga bàbá Làmídì la tú. Rọ́bà náà ti pọ́n, ó lábàwọ́n, ṣùgbọ́n ó rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi sùn lé e láìní egbò kankan.

Lọ́sẹ̀ kan tí Làmídì lọ ṣiṣẹ́ ní Ṣakí, àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàláátù láti àdúgbò Akẹ̀sán ní àwọn ń bọ̀ wá kí mi. Màmá, ìyá ọkọ mi, ká aṣọ ibùsùn sókè.

"Ìyàwó mi, orí àlòkù àga ni kí wọ́n wá bá ẹ? Wọ́n á ní ọmọ mi ò tọ́jú ẹ."

Ó gbé líle títun sókè, ó ti rọ́bà sísàlẹ̀. Mo lè kọ̀. N kò kọ̀, torí ojú ń ti èmi náà. Àwọn àlejò fọwọ́ tẹ fóòmù wò, wọ́n yìn ín, inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n lọ, a kò tò ó padà.

Ní ọjọ́ karùn-ún la gbóòórùn egbò lábẹ́ mi, wọ́n sì gbé mi padà sí ọsibítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fọ egbò náà tán, ó jìn tó ìka méjì. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ pé kó máa fọwọ́ kan awọ ìdí mi ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá gbóná tàbí tó le, egbò mìíràn ń bọ̀ nìyẹn.

Ó tó ọdún kan kí egbò náà tó jinná. Ikọ́ ife ti lọ. Ẹsẹ̀ mi ò padà, n kò sì retí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí ibùsùn, ẹ to fóòmù yín fún ara yín, ẹ má tò ó fún ojú àlejò. Ara tó ṣẹ́ kù fún mi kò pọ̀. Mo ń dúpẹ́ lórí rẹ̀, bí inú tilẹ̀ ń bí mi.

Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí Màmá má wọlé. Bí ó bá ti fọwọ́ kàn mí, á béèrè pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n lára lónìí?" Lọ́dún àkọ́kọ́, òótọ́ ni mo máa ń sọ fún un. Ní báyìí mo máa ń ní, "Díẹ̀díẹ̀, Màmá," kí ó lè rí oorun sùn.