Ọ̀wẹ̀ Mọ́tò Tí Ọ̀rẹ́ Wa Kò Bẹ̀

Òórùn bẹntiróòlù ló gbà mí lọ́kàn lánàá nílé epo kan ní Kétu, tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta epo wò mí títí, ó ní, "Daddy, ti eélòó?" Mo wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rín sì pa mí. Ìwọ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ náà á rántí pé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, owó tí a fi ń ra líta epo méjì lónìí, mọ́tò tuntun ni àwa kan fi rà. Kọ́bọ̀ la fi ń ra epo nígbà náà, epo náírà kan á sì gbé ènìyàn dé Ìbàdàn. Gbogbo nǹkan ti yí padà, àfi òórùn epo náà. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan nínú Kétu níhìn-ín ló máa ń gbé mi lọ, níbi tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ti jókòó sórí tábìlì oúnjẹ bí àlejò pàtàkì.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kàwé nílùú òyìnbó. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, tí àwọn yòókù ń kó fíríìjì àti rédíò bọ̀, mọ́tò kékeré kan lòun gbé wọ ọkọ̀ ojú omi: mọ́tò eré sísá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ènìyàn méjì péré ń jókòó sí, tí kò ní òrùlé, tó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè na ọwọ́ fi kan ilẹ̀ títì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó gbó lórí igi. Bó bá gbé e gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà á máa mi orí. Òjò ká èmi àti òun mọ́ Ọjọ́ta lọ́jọ́ kan, mo ṣí agboòrùn, mo fi bo orí àwa méjèèjì, mọ́tò sì ń lọ. Ẹnì kan yọ orí láti inú bọ́ọ̀sì, ó kígbe pé, "Ẹ̀yin bọ̀dá wọ̀nyí, ẹ wọlé!" Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, "Inú ilé náà la wà!" Báyìí la ṣe ń ṣayé nígbà náà.

Ọmọ dé, owó iléèwé dé, mọ́tò náà sì di èyí tí wọ́n gbé pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lábẹ́, ó sì ní òun á tún un tò bó ṣe rí lọ́jọ́ tí òun rà á. Ó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó ti àwọn ìjókòó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú agolo mílíìkì, ó tò wọ́n sójú fèrèsé. Ẹ́ńjìnnì ló gba tábìlì oúnjẹ. Aya rẹ̀, tí àwa ọ̀rẹ́ ọkọ ń pè ní Ìyàwó Wa títí di òní, rojọ́ títí ó fi sú u. Á ní, "Ìkòkò ọbẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé sórí tábìlì tiwọn. Tèmi, ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń gbàlejò." Ọkọ rẹ̀ á fèsì pé, "Ó kéré tán, òun kì í sọ pé ọbẹ̀ rẹ kò níyọ̀."

Gbogbo Sátidé la máa ń pàdé níbẹ̀: èmi, ọ̀rẹ́ wa kan tó ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, àti òmíràn tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, tí a ń pè ní Oníná. Àwa á máa jiyàn lórí ìjọba, onímọ́tò á máa ṣiṣẹ́. Á mú nǹkan kan, á rì í sínú kẹrosíìnì, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á sì tún rì í padà. Bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ titun ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rọra lọ. Kábúrétọ̀ tó tò ní Sátidé kan, tí a pàtẹ́wọ́ fún, bí a bá dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ó bá a níbi tó ti ń tún un tú. Tíṣà á ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ìgbà wo gan-an ni mọ́tò yìí máa rìn?" Kò ní gbójú sókè tí yóò fi ní, "Kí ló ń lé ọ? Ṣé Kétu fẹ́ kó kúrò níbi tó wà ni?" Ojú mi ló ṣe gbogbo èyí lọ́dọọdún. Mo kàn gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń fà.

Ìgbà tó yá ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń fà jáde lẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé e lọ sílé tirẹ̀ ní Gbàgádà, kó lè sún mọ́ ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo lọ kí i, ó fi ọwọ́ òsì fà mí mọ́ra, ó ní, "Bá mi... faṣọ bo ẹ́ńjìnnì. Eruku." Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n ṣe nìyẹn. Mo padà sí Kétu, mo gba ògbólógbòó àdìrẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo sì fi bo ẹ́ńjìnnì náà. Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ohun tí mo faṣọ bò yẹn, ó jọ òkú lójú mi. Ọkàn mi lọ sí ọdún kan nígbà èwe mi tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kí oòrùn tó kan àtàrí, ebè ti kún oko bàbá mi láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà tí wọ́n sọ fún un lórí ẹní, ó sunkún ayọ̀. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Mo bá sọ fún Tíṣà àti Oníná pé, "Ẹ jẹ́ ká bá a ro oko rẹ̀." Kò gba àlàyé, ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa kí ìwé tó gbé wa wá sí Èkó. Ẹ̀rù sì ń bà wá, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta, pé ọ̀rẹ́ wa lè lọ láìrí mọ́tò náà kó rìn. Ìyàwó Wa nìkan ló béèrè pé, "Ṣé ẹ ti bi í?" Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ìyàwó Wa, ta ní í bi aláìsàn kí wọ́n tó bá a roko?" Ó wò mí, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

A kó mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Alápẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́, tó sì lẹ́nu bí abẹ. Ó wo ẹrù wa, ó ní, "Daddy, mọ́tò lẹ gbé wá àbí ẹ ń kó kúrò nílé?" Lẹ́yìn tó yẹ ẹ́ńjìnnì wò tán, kò bá wa ṣàwàdà mọ́. Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín. Eléyìí ṣe é ṣe, àmọ́ ó máa pẹ́, torí òkè òkun lẹ ti máa ránṣẹ́ wá àwọn nǹkan inú ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó tètè rìn, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ Japan sí i." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa. Tíṣà ní, "Kó ṣáà ti rìn." Oníná ní iná rẹ̀ kò ní le láti so. Mo ní kó gbé e sí i.

Owódé Onírin la ti lọ ra tòkunbọ̀ náà. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀: bí o bá gbé ògbólógbòó wá, wọ́n á gbà á mọ́ tuntun. Onírin tó tà á fún wa na ìka sí ẹ́ńjìnnì ọ̀rẹ́ wa, ó ní, "Bàbá, ẹ fi òkú yìí sílẹ̀ fún mi, màá ṣe yín dáadáa." Oníná wojú mi. Mo mi orí pé kó gbà á. Mo rò pé irin tí kò wúlò mọ́ ni. Àwọn géńdé méjì fì í lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jù ú sórí òkìtì irin. Ara rẹ̀ ṣì ń dán níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti ń gbà á ní gbogbo Sátidé.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, inú wa dùn ní àkókò iṣẹ́ náà. Ó pẹ́ tí a ti ṣiṣẹ́ tó gba ọwọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kun mọ́tò náà tán, tó ń kọ mànà lábẹ́ oòrùn Alápẹ̀rẹ̀, Tíṣà bẹ́ sínú rẹ̀, kò sì lè jáde mọ́. Àwa la fa á síta, tí mẹkáníìkì ń sọ pé, "Ẹ rọra o, body tuntun ni, ẹ má fi egungun ha á!" Èmi ni mo wà á lọ sí Gbàgádà, Oníná jókòó tì mí, Tíṣà àti Ìyàwó Wa wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń hó lé wa lórí lọ́nà, ọ̀kan kígbe pé, "Baba, abeg dash me!" Ó ṣe mí bíi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí.

Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wa mú un jáde sí iwájú ilé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa dún, kó lè gbọ́ ọ. Ó dúró, ó dẹ etí. Mo retí kí ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ òsì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ṣí i." Mo ṣí i. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí.

Ó ní, "Tèmi dà?"

Oníná yí ojú sí títì. Ọ̀rẹ́ wa wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rántí pé ọmọlúàbí lòun. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó fa ọ̀rọ̀ náà jáde pé, "Ẹ ṣé. Ẹ kú... iṣẹ́ o." Bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì ló ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ká ní ó bú wa, ì bá sàn fún mi. Ó gbà kí n gbé òun yí àdúgbò náà ká, kò sì wojú mi títí a fi padà.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọmọbìnrin rẹ̀ sìn mí dé ẹnu géètì. Kò bínú. Ó kàn ní, "Uncle, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, ẹ ò lè mọ̀. Gbogbo àárọ̀ ni Daddy máa ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ́ńjìnnì." Mo sáré lọ sí Owódé Onírin lọ́jọ́ kejì. Onírin ní wọ́n ti kó òkìtì yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wa padà wá sílé ní Kétu. Pálọ̀ ti mọ́, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ọbẹ̀ sì wà níbi tó yẹ kí ọbẹ̀ wà. A ń lọ ní Sátidé bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣe tí a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní kò fọwọ́ kan sípánà náà mọ́, bí dókítà ti bẹ̀ ẹ́ tó. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ti lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Èmi mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ kí n tó rántí ìyókù ìtàn oko bàbá mi, èyí tí ojú ọmọdé kò kà sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyá mi ti di obì mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ, ó ti lọ láti ilé dé ilé, bàbá mi ló sì rán an. Ẹni tó ni oko ló máa ń bẹ ọ̀wẹ̀. Bí kò bá bẹ̀ ẹ́, ohun tí a lọ ṣe nínú oko rẹ̀ ní orúkọ mìíràn. Iṣu ni bàbá mi ń fẹ́, kì í ṣe ebè kíkọ. Ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ kí mọ́tò rìn. Ó ti gun mọ́tò tó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni Sátidé, àti nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì parí. Ká ní mo bi í léèrè ni, ì bá sọ fún mi, ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni ì bá gbà.

Oníná ti kú. Tíṣà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, àmọ́ kò dá èmi tàbí ẹlòmíràn mọ̀ mọ́. Mẹkáníìkì wà, ó ti kúrò ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìyàwó Wa wà, mo máa ń kí i, kò sì rán mi létí ìbéèrè tó bi mí rí. Mọ́tò náà wà ní Gbàgádà, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi náà ṣì wà.