Òwú Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyàwó

Iṣẹ́ Májẹ́ódẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ òwú lọ. Kì í ṣe òwú oko. Ike ni wọ́n ń yọ́ títí á fi ki bí oyin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gba ihò wẹ́wẹ́ bọ́ sínú omi, á jáde ní funfun, tín-ín-rín ju irun orí lọ. Láti ibẹ̀ ló ń wọ ilé iná, tí á pọ́n, tí á dú, tí á wá le ju irin lọ. Àmọ́ bó bá dẹ̀ nínú iná, ó bàjẹ́ nìyẹn. "Má jẹ́ ó dẹ̀" ò kúrò lẹ́nu bàbá náà, ni wọ́n bá fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìyàwó ni wọ́n ń pe òwú funfun yẹn níbi iṣẹ́. Bó bá ti kọjá sílé iná, bí ìyàwó tó wọlé ọkọ, kì í padà wá mọ́.

Ìyàwó Májẹ́ódẹ̀ gan-an ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un wà lọ́nà jíjìn, ó sì máa ń pè é déédéé. Àfi bí fóònù ṣe dákẹ́. Bí bàbá bá pè é, á ní ọwọ́ òun dí. Bàbá ò bèèrè ìdí. Bó bá ń jẹun, á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, á máa wò ó.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà dé sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, ó gbé ọ̀rá kan dání. Ó ní òun wá kí ìyàwó.

"Ìyàwó wo?" ni Bàbá tó jáde wá pàdé rẹ̀ bi í.

"Èyí tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Onígéètì yín ló gbé fóònù yín nígbà tí mo pè lọ́jọ́sí, ó ní ẹ wà lọ́dọ̀ ìyàwó, ó ń dà yín láàmú."

Wọn kì í gbé fóònù wọ yàrá òwú. Ọ̀dọ̀ onígéètì ni wọ́n ń fi í sí. Onígéètì fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbi fèrèsé onígíláàsì, ó nàka sí òwú tó ń sáré kọjá.

"Òun nìyẹn. Ó ń já ṣáá lọ́jọ́ náà."

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó yọ ìborùn kan tó rà wá fún ìyàwó nínú ọ̀rá.

"Inú kọ́kọ́ bí mi, Bàámi. Nígbà tó yá, mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òótọ́. Kẹ́ ẹ má baà máa dá jẹun."

Bàbá gba ìborùn náà.

Ọmọ ti padà síbi tó ti wá báyìí. Ìborùn wà lórí àga kejì. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà. Kò já lónìí."

Ọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa fóònù.