Ìdánwò Ọjọ́ Àlàmísì

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní aṣọ lílọ̀. Ojú ni mo fi kọ́ ọ, mo sì jó aṣọ mélòó kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀kán omi bá dún ṣàà lójú áyọ́ọ̀nù, tó gbẹ kíá, iná ti pọ̀ jù fún léèsì. Mo mọ̀ pé táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn ló yẹ ká tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà agbádá, ká sì da ojú rẹ̀ dé. Nítorí ìmọ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nítòsí GRA, èmi ni Alájì tó ni ín ní kí n máa dán àwọn tó ń wáṣẹ́ wò.

Aṣọ Jímọ́ọ̀ máa ń ga dé èjìká wa ní Àlàmísì, ọjọ́ náà gan-an la sì máa ń fi ìdánwò sí. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á lọ aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, a ó ní a máa pè é. Kò sí ààyè kankan. Alájì ti sọ fún mi pé bí òun bá gba ẹnì kejì, nínú owó oṣù mi lòun á ti yọ tirẹ̀. Mo sì ń dán wọn wò lọ.

Obìnrin kan wọ ọkọ̀ méjì wá láti Malete. Ó tó àbúrò ìyá mi, síbẹ̀ "ọ̀gá" ló ń pè mí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Mo gbé aṣọ gínnì tí sítáàṣì ti mú kó le gan-an fún un. Èmi máa ń fín omi sí i, kí n sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e lójú ẹsẹ̀. Òun wọ́n omi sí i, ó ká a bí ẹní, ó lọ kírun Àyìlá, kó tó padà wá lọ̀ ọ́. Kò lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù rárá. Mo béèrè ìdí, ó sì ṣàlàyé fún mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé omi gbọ́dọ̀ ráyè tàn ká inú aṣọ.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún mi pé wọ́n ti fún òun níṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Ọ̀fà Garage, ọ̀túnla lòun máa bẹ̀rẹ̀, àmọ́ aṣọ lílọ̀ lòun mọ̀ ọ́n ṣe jù.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, ṣé ààyè wà lóòótọ́? Kí n lè dá àwọn yẹn lóhùn."

Agbádá mẹ́ta ló ṣì kù nílẹ̀. Mi ò fẹ́ kó fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.

"Ó wà," ni mo wí. "A máa pè yín."

Ó lọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kó tó padà sílé.

A ò pè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, Àlàmísì náà ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wà nídìí tábìlì, òun náà ń ṣèdánwò. Obìnrin náà kí mi, ó ní òun ti kọ iṣẹ́ abọ́ yẹn, wọ́n sì ti gba ẹlòmíì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Alájì rìnrìn àjò. Kò dúró gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà.

"Àbúrò mi, ṣé wọ́n máa sanwó tòní fún ẹ?"

Ó ní rárá, ìdánwò ni.

"Èmi náà ṣe é. Kò sí iṣẹ́ níbí."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó wò mí, ó ń retí kí n sọ pé irọ́ ni. Aṣọ ni mò ń wò.