Akọ Eégbọn Inú Adágún

Eégbọn wà nínú omi. Èmi náà ò mọ̀, àfìgbà tí mo di òṣìṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń wo àwọn ohun abẹ̀mí inú omi, níbí ní Ifẹ̀. Kì í ṣe ti ara ajá o. Èyí ò tó hóró ọkà bàbà, ó pupa bí epo tuntun, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló sì fi ń wẹ̀ káàkiri inú adágún.

Iṣẹ́ mi ni kí n tò wọ́n sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi maikirosíkóòpù wò wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè kejì ló fi wọ́n ṣe ìwádìí. Dádì ló ń pè mí. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi fa àwọ̀n nínú adágún, abo nìkan là ń rí. Abo ò sì wúlò púpọ̀ fún un, torí gbogbo wọn jọra. Ìrù akọ ni wọ́n fi ń mọ irú èyí tó jẹ́.

Nígbà tó yá, a rí akọ kan. Ẹyọ kan péré. Ó ní kí n bá òun tò ó, òun fẹ́ sáré lọ rí ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí òun. Mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Nǹkan kékeré kan yọ lẹ́yìn ìrù rẹ̀ bí èèkàn. Mo fi abẹ́rẹ́ yí i kó lè dojú bolẹ̀, ibi tí mo ti ń yí i ni èèkàn yẹn já. Mo wá a títí nínú abọ́, n ò rí i.

Ó yẹ kí n sọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi gíláàsì bò ó, mo fọ abọ́, mo gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wò ó, ó ya àwòrán rẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá tí àwòrán gbogbo wọn wà. Kò rí akọ kankan tí ìdí ìrù rẹ̀ pá bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ ń dán. Ó ní ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò tí ì kọ irú èyí sílẹ̀ rí, pé ọjọ́ Ajé lòun máa gbé e lọ fún ọ̀gá òun. Ó wá ní, "Dádì, orúkọ yín ni mo máa fún un. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fa àwọ̀n tó gbé e."

Mo dé ilé ní Ìlódè, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, eégbọn ni wọ́n rí fi orúkọ rẹ pè?" Ó ní kò burú, pé bí mo ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ òun náà nìyẹn.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fẹ́ gbé àṣìṣe mi lọ síwájú àwọn tó mọ̀ jù ú lọ. Bí wọ́n bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́. Kò sì lè fura sí mi, torí mo tó bàbá tó bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rò ó fún un bó ṣe jẹ́. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ òun ti yára kúnlẹ̀ kó má bàa ṣẹlẹ̀. Ó wá béèrè bí èèkàn náà ṣe rí, nítorí èmi nìkan ló rí i. Mo ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, ó fẹ̀ lẹ́nu bí irin ọkọ́. Ó ń ṣí ìwé, mo ń wò, títí mo fi nawọ́ sí àwòrán kan. Wọ́n ti mọ irú eégbọn yìí tipẹ́.

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo já a. Ó kọ nǹkan, ó kà á sí mi létí pé èèkàn ìrù rẹ̀ já lọ́wọ́ wa. Mo ní lọ́wọ́ mi ni.

"Dádì, ká ní mo dúró tì yín lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa yí i."

Ó ní ohun tí mo rí ò tó, òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí akọ mìíràn tí èèkàn rẹ̀ ṣì wà. Ó pe ọ̀gá ẹ̀ pé òun ò tí ì lè wá. A gbé àwọ̀n, ó di adágún. Títí oòrùn fi kan àtàrí, abo mẹ́rin la rí.