Ìwé Gẹ̀ẹ́sì Àmúsà Láoyè

Bí Àmúsà Láoyè bá fẹ́ mumi, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ fún. "Ìdáyátù, sọ fún ọmọ rẹ kó bu omi wá." Jàmíátù ọmọ rẹ̀ á sì jókòó síbẹ̀, á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ ṣe tọ́ wọn ní Ẹdẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì gbé àṣà náà wá sí Àgọ́ Aláyé lẹ́bàá Ore nígbà tó wá dáko kòkó. Kì í ṣe òǹrorò o. Ó kàn gbà pé bí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, ìyá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Láyé owó epo rọ̀bì, tí ọ̀nà tuntun ti la Ore kọjá, tí tajá tẹran ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbùdókọ̀, Àmúsà ní òun náà fẹ́ gbọ́ ọ. Ilé àdúrà Àládùúrà ni wọ́n ti ń kọ́ àgbà níwèé. Mùsùlùmí òdodo ni, àmọ́ ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọn nítorí ẹ̀kọ́. Èmi Olútóyìn, aládùúgbò rẹ̀, àti òun la jọ ń lo ìwé kan, torí ìwé kò kárí. Orí rẹ̀ kò tètè gbà á, ṣùgbọ́n kò sú u. Ó ń ka gírámà sókè nínú oko débi pé ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n sórí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà púpọ̀.

A wá dé ibi ẹ̀kọ́ kan tó dá lórí òbí àti ọmọ tó ń bàlágà. Ìwé ní kí bàbá jókòó ti ọmọ, kó bi í léèrè ọ̀rọ̀, kó sì gbọ́ èsì rẹ̀. Àmúsà rẹ́rìn-ín títí. "Ṣé òyìnbó ò níyàwó tó lè rán níṣẹ́ ni?"

Nígbà náà, Límátù àbúrò Àmúsà ń bọ̀ wá mú Jàmíátù kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama lọ sí Èkó, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan. Àmúsà ti rán Ìdáyátù sọ fún ọmọ. Ọmọ dákẹ́, wọ́n ní ó ti gbà.

Nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí Límátù dé, mo lọ gba ìwé. Àmúsà kò tíì kà á tán. Ìtàkurọ̀sọ bàbá àti ọmọ ló kù, ẹni méjì ló sì ń kà á. Mo ní ká jọ kà á, ó ní ohùn mi ò jọ ti ọmọbìnrin. "Ìdáyátù, sọ fún ọmọ rẹ kó wá kàwé."

Wọ́n jókòó pọ̀. Bàbá ka tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: kí ló ń dà ọ́ láàmú, ọmọ mi?

Ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn: mi ò fẹ́ lọ sí Èkó, Bàámi. Mo fẹ́ parí ìwé mi.

Àmúsà fi ìka wá a lójú ìwé, kò rí i. Ó ṣí ewé kejì. "Jàmíátù, ibo lo ti ń kà á?"

"Kò sí nínú ìwé, Bàámi." Omi ti lé sójú rẹ̀.

Ìdáyátù fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọkọ rẹ̀ nawọ́ dá a dúró. Ó wá ìlà tirẹ̀ rí, ó kà á: mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló na ìwé sí mi, ó ní kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí Límátù dé, Àmúsà di iṣu fún un dáadáa, ó sì rán an níṣẹ́.

"Sọ fún aránṣọ yẹn pé ọmọ mi ní òun ò wá."