Bàálù Tó Ń Yà Sósì

Wọ́n fi kíláàsì sáyẹ́ǹsì dù mí nítorí ọ̀pá kan tí kò bàjẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí a jọ wọ yunifọ́ọ̀mù ní Ore nígbà yẹn, tí ẹ ti di ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ báyìí, bí ẹ bá rántí mi rárá, Abanǹkanjẹ́ lẹ máa rántí, kì í ṣe Ìbùkún. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò tò ó rí.

Òórùn ẹyìn ni mo gbé lọ sílé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ní ẹbu epo lẹ́yìn ilé wa, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn tó ń bọ̀ láti oko rẹ̀ ní Omifunfun. Láti ìdájí ni èéfín igi ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí òórùn ẹyìn tó ti jinná á sì tẹ̀ lé e, òórùn kan báyìí tó dùn tó sì wúwo, tó máa ń wọ inú irun àti aṣọ, tí ọṣẹ kankan ò lè bá èèyàn yọ. Kí n tó lọ sílé-ìwé, iṣẹ́ mi ni láti dúró ti ẹ́ńjìnnì tó ń lọ ẹyìn. Ẹ́ńjìnnì náà ní ìwà kan tí gbogbo ilé mọ̀. Bó bá ti gbiná, tí ẹnì kan tẹ iná mọ́ ọn lójijì, odidi férémù igi tí a gbé e lé á fò sósì, bí ẹni tí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbún. Òsì náà ni nígbà gbogbo, torí pé ọ̀tún ni irin inú rẹ̀ ń yí sí. Ìyá mi á ki igi bọ abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, á ní kí n máa fún un níná díẹ̀díẹ̀. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ló máa ń wí, pẹ̀lú ohùn Ìkálẹ̀ rẹ̀ tí kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn oníbàárà tó ń ti Èkó wá.

Ọmọ ìlú kan tó wà lókè òkun ló fi àwọn kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa. Yàrá tí wọ́n kó wọn sí kún fún òórùn ọ̀dà tuntun àti pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ gẹdú ti ń kérora lọ lójoojúmọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni géèmù bàálù ogun wà lórí rẹ̀, àwọn bàálù ayé ọjọ́un tó ń fi abẹ̀bẹ̀ iwájú fò, ọ̀pá ìdarí dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ń wà á. A máa ń nu ọwọ́ wa sára aṣọ kí a tó dì í mú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàálù yẹn gbọ́ràn ju ajá ọdẹ lọ. Bí o bá fà á, á gòkè. Bí o bá tì í, á sọ̀. O lè tẹ iná mọ́ ọn láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní gbóná. Ọta rẹ̀ kì í tán. O lè gbé imú rẹ̀ dúró ṣánṣán bí òpó iná, kò ní já bọ́. A gbà pé bí wọ́n ṣe ń wa bàálù nìyẹn, ta ló sì fẹ́ sọ fún wa pé irọ́ ni?

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, kéde pé ìdíje àwọn ilé-ìwé máa wáyé ní Àkúrẹ́, àti pé èmi pẹ̀lú Múfú ló máa ṣojú wa. Ọmọ dẹ́rẹ́bà kan ní gáreèjì ni Múfú, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọ̀gá ilé-ìwé fi kún un pé àwọn tó bá lọ Àkúrẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú fún kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí a bá wọ ipele àgbà. Èyí gan-an ni mo fẹ́, ju Àkúrẹ́ lọ. Mo fẹ́ wọ lábù. Mo fẹ́ mọ ìdí tí irin fi ń fò.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ó tó rìnrìn àjò lọ sílé, Kọ́pà, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ti wọ inú ètò géèmù náà, ó sì ti yí i kúrò ní ìrọ̀rùn, ó ti gbé e sí bí bàálù ṣe ń ṣe gan-an lójú òfuurufú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí mò ń wí yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó. Mo tẹ iná. Bàálù yà sósì, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ kó sínú igi.

“Hàà!” Múfú pariwo lẹ́yìn mi. “Bàálù ẹ ti yà síbi oúnjẹ! Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ebi ò tíì pa èrò o!”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, torí kò sí ọmọ Ore tí kò mọ bí ọkọ̀ Èkó àti ti Benin ṣe máa ń yà lọ́dọ̀ wa jẹun. Mo tún un ṣe, ó tún yà. Mo fi gbogbo ara fa ọ̀pá náà sọ́tùn-ún, ó ṣì yà. Ìgbà yẹn ni nǹkan sọ sí mi lọ́kàn. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ń yí sọ́tùn-ún, ara bàálù ń kọ̀ fún un, ó ń fò sósì. Ẹ́ńjìnnì ìyá mi nìyí! Mo fún un níná díẹ̀díẹ̀, mo sì ń tẹ bọ́tìnnì tó ń darí ìrù rẹ̀ sọ́tùn-ún, bí ẹni tó ń ki igi bọ abẹ́ férémù. Bàálù náà lọ tààrà. Ó gbéra nílẹ̀. Múfú dìde dúró, ó na ọrùn kó lè rí i dáadáa. Ayọ̀ wá gbé mi, mo fa imú bàálù sókè ṣánṣán bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ já kúrò lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀run díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, ó sì ṣubú.

Ariwo ìṣubú yẹn ni Tíṣà bá wọlé. Ó rí mi tí mo ṣì fi gbogbo ara tẹ̀ sọ́tùn-ún, tí mo di ọ̀pá mú gírígírí.

“Kí lò ń ṣe sí nǹkan olówó yìí?”

“Sà, bàálù ló ń yà sósì. Kì í ṣe ọ̀pá.”

“Bàálù ló ń yà. Ṣé o ti wọ bàálù rí?”

“Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ẹyìn nílé wa, bí a bá tẹná mọ́ ọn…”

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Ẹ gbọ́ o! Ẹbu epo ni wọ́n ti ń ṣe bàálù báyìí!” Ẹ̀rín bo yàrá. Ó ní kí àwọn mìíràn wá gbìyànjú, gbogbo wọn sì yà sósì, ìyẹn ló di ẹ̀rí pé mo ti ba ọ̀pá jẹ́. Múfú ní, “Sà, ó gbé e fò lẹ́ẹ̀kan, mo rí i.” Tíṣà ní kó jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a ki ọ̀pá náà bọ kọ̀ǹpútà kejì, kí a fi géèmù mọ́tò tó wà lórí ìyẹn dán an wò, bóyá mọ́tò náà á yà. Kò gba ju kí èèyàn yọ wáyà níbì kan kó tì í bọ ibòmíràn lọ. Kò ṣe é.

Mo fẹ́ ṣòótọ́ fún un. Tíṣà Kọ̀ǹpútà kì í ṣe òṣìkà. Pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ yẹn, àpò ara rẹ̀ ló ti máa ń rà á, òun ló sì fọwọ́ sí i pé gbogbo ẹrù náà wà ní ìkáwọ́ òun. Ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n èmi tí ẹ̀rù rẹ̀ ṣubú lé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi. Ó wá láti ẹbu, epo ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ìró tó wọ̀ sì ni èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú àgbà, ẹ̀bẹ̀ lèèyàn ń kọ́kọ́ bẹ̀, kí ara ó tutù, lẹ́yìn náà ni yóò wá ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá ilé-ìwé. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máà bínú, ọmọ yín ni. Ẹ forí jì í.” Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ọ̀gá ti ní, “Ó dáa, ìyá ti jẹ́wọ́. Ẹ máa lọ sílé, mà.” Ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Ìyá mi ò tètè dìde. Nígbà tí a dé ọ̀nà, ó dì mí lọ́wọ́ mú bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni mí. “Ọma mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Mi ò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, títí a fi délé, bí ẹni pé èmi ni adájọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dárúkọ mi lórí ìlà, wọ́n pè mí ní abanǹkanjẹ́. Wọ́n yọ mí kúrò nínú ìdíje, wọ́n sì ní kí n máa gé koríko lẹ́yìn yàrá kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo wà, àdá lọ́wọ́ mi, lábẹ́ fèrèsé, nígbà tí Kọ́pà dé láti ìrìn àjò rẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀. Tíṣà ṣàlàyé fún un pé ọmọ kan ti ba ọ̀pá jẹ́. Kọ́pà jókòó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi máòsì tẹ ibì kan nínú ètò géèmù náà, ó tẹ ibòmíràn. Kò fọwọ́ kan ọ̀pá náà rárá. Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Bàálù lọ tààrà bíi ti tẹ́lẹ̀. “Kọ́pà ti tún un ṣe!” Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ó tẹ orí ba, ó gba àtẹ́wọ́ náà.

Múfú àti ọmọ mìíràn ló lọ Àkúrẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, Múfú wá bá mi ní ẹbu, kò sì ṣe àwàdà. “Ìbùkún, bàálù Àkúrẹ́ náà ń yà. Gbogbo wọn ló ń yà. Obìnrin tó ń darí ìdíje sọ lójú gbogbo wa pé bí bàálù gidi ṣe ń ṣe nìyẹn, pé pẹ́dà ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń tún un ṣe, pé kí a máa fún un níná díẹ̀díẹ̀.”

“Tíṣà gbọ́?”

“Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí. Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ní kí a má sọ ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ nílé.” Ó fi ẹsẹ̀ ti èèpo ẹyìn kan. “Ìwọ lo gbọ́n jù. Inú ń bí mi.”

Nígbà tí wọ́n ń pín wa sí kíláàsì, Tíṣà wà níbi tábìlì náà. Èsì ìdánwò mi nínú ìṣirò ló ga jù. Wọ́n ní ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ kò ṣeé fi sí àárín ìgò lábù. Tíṣà wo ilẹ̀. Kíláàsì kọ́mẹ́ṣà ni wọ́n fi mí sí.

Mo kàwé níbẹ̀ náà. Mo dé yunifásítì, mo gboyè nínú ìṣirò owó, iṣẹ́ mi lónìí ni kí n máa wá ibi tí irọ́ ti wọ inú ìwé àwọn iléeṣẹ́. Mo ní ọ̀pá ìdarí tèmi nílé, mo ní pẹ́dà méjì tó ń darí ìrù, mo sì ń wa àwọn bàálù ogun yẹn bí wọ́n ṣe rí gan-an. Bí mo bá tẹná jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á kú. Bí mo bá yí i lójijì, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, bí ojú awakọ̀ tó fẹ́ dákú. Gbogbo àlàyé tí mi ò ní lọ́jọ́ yẹn, mo ti ní in báyìí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó lọ́kàn akin jù nínú èmi àti ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Nínú ìpàdé, mo máa ń wo ojú ọ̀gá kí n tó la ẹnu. Ọmọ yẹn, pẹ̀lú òórùn epo lára rẹ̀, dúró láàárín ẹ̀rín odidi kíláàsì, ó ní kì í ṣe ọ̀pá.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe géèmù náà, èé ṣe tó fi jẹ́ irọ́ lẹ kọ́kọ́ gbé síwájú ọmọdé, tí ẹ wá fi òtítọ́ pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tí àgbà kan ṣoṣo mọ ọ̀nà rẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ìwé òfin wo ló sọ pé obìnrin tó kúnlẹ̀ ti jẹ́wọ́? Tíṣà, láti Àkúrẹ́ dé Ore, ọ̀nà náà gùn tó láti ronú. Kí lẹ rò? Ẹ̀yin Kọ́pà, tí mo gbọ́ pé ẹ ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ yín, ẹ gba àtẹ́wọ́ lójú mi. Ẹ dáhùn níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún yín: kí gan-an lẹ tún ṣe?