Awọ Ojú Ògì àti Omi Òkun

Mo ṣì kéré, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nígbà tí Bàbá mi fi ògì kọ́ wa bí ilé ayé ṣe rí. Àdúgbò Ṣàngó ni a ń gbé nígbà náà, níhìn-ín ní Ìlọrin. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni Bàbá, kò sì mọ̀ pé ilé yàtọ̀ sí kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ tíṣà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Àárọ̀ Sátidé ni. Màmá á ti gbé ògì gbígbóná kalẹ̀, àkàrà á máa ta sánsán sí wa nímú, Bàbá á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Tí ojú ògì bá ti dì, á fi ṣíbí ti awọ rẹ̀ títí á fi ya. Á ní bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ṣe rí, ó pín sí abala-abala lórí ohun gbígbóná tó ń rọra yí. Abala kan á há mọ́ èkejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tó bá yọ̀ lójijì lábẹ́ òkun, á ti omi sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi, Sùlé, kì í lè dúró. Á ti ká awọ ojú ògì náà jẹ. Ìyà rẹ̀ ni pé kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè, kó máa ka ẹ̀kọ́ jáde: "Bí ilẹ̀ bá mì létí òkun, tí omi sì sá sẹ́yìn, má ṣa ẹja. Sá lọ sí ibi gíga." Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Odò Asà nìkan ni omi tí a mọ̀, òun náà kò sì ju kó máa gbé ike àti ọ̀rá kiri lọ. Bàbá alára kò fojú rí òkun rí.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní ó ku apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Ebi ń pa mí, ògì sì ti ń tutù. Màmá dá sí i: "Bàbá Sùlé, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ jẹun jàre." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ó di Sátidé tó ń bọ̀. Nígbà tí Sátidé yẹn dé, ìwé ìdánwò tó fẹ́ máàkì ti kún orí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́.

Sùlé dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè kan létí òkun. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì níbẹ̀, ó pè wá láti orí òkè, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo sá o! Omi ti wá, ó ti padà lọ. Ògì yín ló gbà mí. Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn tá a jọ ń gbé."

Bàbá pariwo pé kó má sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ti já. A pè é títí, kò wọlé mọ́.

Omi kejì ló gbé e lọ. A kírun òkú fún un láìsí òkú nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé irú omi bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé èkejì lè ju èkíní lọ. Apá tó kù lọ́jọ́sí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Nígbà tiwa, gbígbóná la ń mu ògì. Lóde òní, tútù ni àwọn ọmọ mi ń mu ún. Wọ́n á jókòó ti Bàbá, tó ti darúgbó, á máa fi ṣíbí ti awọ náà. Tí wọ́n bá ti kà á dé "sá lọ sí ibi gíga", wọ́n á nawọ́ sí àkàrà. Bàbá á di ọwọ́ wọn mú.

"Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ńkọ́?"

"A ò ní sọ̀ kalẹ̀, Bàbá àgbà."

Á tún bi wọ́n. Á tún bi wọ́n. Wọ́n á máa wojú mi, ebi ń pa wọ́n. Èmi kì í dá sí i.